Ta Ni Yóò Máa Wọn Òjò Ìlá?

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Òrà-Ìgbómìnà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ girama, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù. Ṣùgbọ́n kí bàbá àti ìyá yín má tíì dìde o. Apá kan ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá àwọn náà.

Kí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé? Ó dá lé ìmọ̀ ojú ọjọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa afẹ́fẹ́, òjò, ọyẹ́, ooru àti ìjì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Bí ẹ bá gba fọ́ọ̀mù JAMB, Meteorology lẹ máa rí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fò ó kọjá. Dókítà ni wọ́n fẹ́ ṣe, tàbí lọ́yà, tàbí ẹnjiníà. Mi ò bá wọn wí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí ọmọ Ìgbómìnà, ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ wa nílò gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oko, torí oko ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni jù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Oṣù Kẹta wọlé, ilẹ̀ ti gbóná janjan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú, ìjì jà, àrá sán, òjò sì dà wàá. Àkọ́rọ̀ dé nìyẹn. Inú gbogbo ilé dùn. Àgbẹ̀ tó ti tọ́jú irúgbìn rẹ̀ gbé ọkọ́, ó lọ gbin àgbàdo. Àgbàdo yọrí, ó tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn náà, òjò bá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé àgbàdo ti ká kò, ó ti ń gbẹ. Bí òjò gidi bá wá dé, àgbẹ̀ yóò tún ra irúgbìn, yóò tún san owó alágbàṣe. Ẹni tí kò ní owó náà lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Oko rẹ̀ yóò pa á lẹ́kún lọ́dún yẹn.

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ òní rọ̀ mọ́ nìyí. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ yìí jẹ́ òjò ẹ̀tàn, tàbí òjò tó dé láti dúró? Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Òjò ti rọ̀ o, ṣùgbọ́n ṣé ìgbà òjò ti dé?

Àwọn bàbá wa kò fọwọ́ lẹ́rán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń wo igi ńlá bó ṣe ń rúwé. Wọ́n ń wo lékeléke, ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ. Wọ́n ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láàárọ̀, wọ́n sì ń fiyè sí ooru òru, bóyá ó ń mú kára máa làágùn tàbí ó ń jẹ́ kí ètè máa la. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ àti bí ara ṣe ń làágùn lóru, ohun tí onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wò náà ló ń wò. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Ojú bàbá mọ sí oko rẹ̀ àti òkè tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí yóò pinnu bóyá òjò máa dúró wà lọ́nà jíjìn, lórí òkun níhìn-ín, lórí aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọgbọ́n ilé wà, ọgbọ́n ẹ̀kọ́ náà sì wà. A nílò méjèèjì.

Ó dáa. Kí ni ẹ̀kọ́ náà wá sọ nípa àkọ́rọ̀?

Ó ní afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ yẹn tutù, ó gbé omi dání. Èkejì ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó gbẹ, ó gbé eruku dání. Òun ni à ń pè ní ọyẹ́. Ibi tí méjèèjì ti pàdé lórí ilẹ̀ dà bí ààlà tí kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kìíní, ààlà yẹn ti sún mọ́ etí òkun wa, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń fẹ́ dé Ìlá tó sì ń kọjá lọ. Bó bá di oṣù Kẹjọ, ààlà náà ti rìn lọ sókè, ó ti kọjá Kánò àti Kàtsínà, ó ti wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì, ITD ni wọ́n ń pe ààlà yìí nínú ìwé, àwọn kan sì ń pè é ní ITCZ.

Ṣé ibi ààlà yẹn gan-an ni òjò ti ń rọ̀? Rárá o. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́rọ̀ wà. Lẹ́bàá ààlà, afẹ́fẹ́ olómi kò nípọn. Ó kàn fẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì wà lórí rẹ̀. Àwọsánmà tó bá fẹ́ gòkè níbẹ̀ kì í lọ jìnnà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò mú un gbẹ. Ó dìgbà tí ààlà bá ti rìn lọ sí àríwá wa ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí afẹ́fẹ́ olómi tó nípọn tó lórí wa láti gbé ìgbà òjò ró. Kì í ṣe òní ni wọ́n mọ èyí. Ní 1945 ni àwọn onímọ̀ méjì, Hamilton àti Archbold, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n pín ilẹ̀ wa sí agbègbè agbègbè ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe jìnnà sí ààlà yẹn. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ṣì ń bá orúkọ wọn pàdé.

Nítorí náà, òjò kan lè ya wá ní oṣù Kẹta, kó rọ̀ gan-an, nígbà tí afẹ́fẹ́ olómi ṣì fẹ́lẹ́. Ìjì kan ló kọjá lórí wa, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà òjò kò tíì dé.

Àti ìjì yẹn fúnra rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ti kíyè sí i pé ìhà ìlà-oòrùn ni àwọn ìjì ńlá wa sábà máa ń gbà ṣú? Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ láti ìhà òkun, ṣùgbọ́n òjò ń ti òdì kejì bọ̀. Ọmọdé á ní kí ló fa èyí? Ohun tó fà á ni pé bí a bá gòkè tó kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀, tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn ló ń darí àwọn ìjì ńlá. Adẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ, tó rí i pé ìhà ìlà-oòrùn ti dúdú, tó tètè sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ iṣẹ́ afẹ́fẹ́ òkè yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́rọ̀. Ní 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jerome Omotosho ti yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Balogun àti Ogunjobi, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Kí ni wọ́n wádìí? Bí a ṣe lè mọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ gbọ́ èyí tó wú mi lórí jù níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a gbà lórí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò ní dandan ni kí a ní bálúùnù tàbí sátẹ́láìtì. Bí ẹnì kan bá dúró sójú kan, tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti agbára afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi ọjọ́ kan ṣòfò, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè wúlò fún àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò gbìn.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ? Bí ìwọ̀n orí ilẹ̀ bá lè ṣe iṣẹ́ tó tó báyìí, ta ló ń wọ̀n ọ́n ní Ìlá? N ó padà síbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀yin ọmọ wa, kí ni ẹni tó bá wọlé kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ máa kọ́?

Ọdún àkọ́kọ́, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì ni, bíi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á pínyà. Wọ́n á kọ́ bí ooru ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá gòkè ní kìlómítà kan, yóò fi nǹkan bíi dígírì 10 tutù sí i. Bí afẹ́fẹ́ olómi bá ń gòkè tó ń tutù, dandan ni kí ó sọ omi inú rẹ̀ sílẹ̀, bí ooru omi ṣe ń gòkè kan ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà tó sì ń di ẹ̀kán omi síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọsánmà ti ń wá. Wọ́n á kọ́ bí yíyí tí ayé ń yí ṣe ń mú kí afẹ́fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán sátẹ́láìtì àti rádà. Wọ́n á kọ́ nípa bálúùnù ńlá tí wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ nídìí, tí wọ́n ń jù sókè káàkiri ayé ní àkókò kan náà. Lágogo tiwa níhìn-ín, agogo kan òru àti agogo kan ọ̀sán ni. Bálúùnù náà lè gòkè dé nǹkan bíi kìlómítà 30, kó máa fi ìròyìn afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ wá sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, títí yóò fi bẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀ o. Ẹni tó bá rò pé wíwo ojú ọ̀run nìkan ni yóò máa ṣe yóò yà á lẹ́nu. Ìdí rèé. Ojú ọjọ́ ọ̀la, ìṣirò ni wọ́n fi ń rí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Lewis Fry Richardson. Ó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Bó bá ti rí àyè, a mú ìwé àti gègé, a máa ṣírò bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Wákàtí mẹ́fà péré ló fẹ́ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló fi ṣírò rẹ̀, èsì tó rí kò sì bá ojú ọjọ́ gidi mu rárá. Kí ló ṣe? Kò fi pamọ́. Ní 1922, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé, títí kan àṣìṣe náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọ̀nà. Ní 1950, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò irú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ENIAC, ó sì bọ́ sí i. Lónìí, ìṣirò yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ńláńlá ń ṣe lójoojúmọ́. Òun ló ń fún fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ní ìròyìn pé òjò máa rọ̀ lọ́la.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí àwọn ọmọ wa tó ń sá fún Ìṣirò. Ẹ má sá. Láìsí Ìṣirò àti Físíìsì, kò sí ọ̀nà àbáwọlé sínú ẹ̀kọ́ yìí. Mo mọ̀ pé olùkọ́ Físíìsì ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó dùn mí, mi ò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ kékeré, ẹ máa ṣe ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ pọ̀. Ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí. Kí ẹ tó sì kọ ohunkóhun sórí fọ́ọ̀mù, ẹ yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ti ọdún náà wò dáadáa, kí ẹ lè mọ ẹ̀kọ́ kẹta tí yunifásítì tí ẹ fẹ́ ń béèrè pẹ̀lú Ìṣirò àti Físíìsì.

Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Ní ẹ̀bá wa níhìn-ín, FUTA ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, ìyẹn Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. Àkókò kan sì wà nínú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ á jáde lọ kọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ gidi. Ibẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn ti ń gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, lábẹ́ ètò WASCAL tí ìjọba Jámánì ń ná owó sí. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Bùrùkínà Fasò ń wá sí Àkúrẹ́ wá kọ́ ohun tí ọmọ Ìlá ń fò kọjá lórí fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ so pọ̀, yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ọmọ nípa omi àti ojú ọjọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Ọ̀ṣun wa níbí, àwọn onímọ̀ Físíìsì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣèwádìí lórí afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2004, Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ láti yunifásítì oríṣiríṣi ti pàdé, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láti wọn bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe ń kúrò lórí ilẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́. NIMEX ni wọ́n pe iṣẹ́ náà.

Ìlọrin ńkọ́, tó jẹ́ pé òun àti àwọn ìyekan wa Ìgbómìnà ní Kwara jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan? Láti àwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rọ ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin tó ń wọn ìtànṣán oòrùn, àti èyí tó ń wọn eruku ọyẹ́ tó wà lójú ọ̀run. Eruku yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ló ń lo ìwọ̀n Ìlọrin, torí ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà pẹ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò pọ̀. Ọyẹ́ kan náà tó ń mú kí ètè wa là ní Ìlá, òun ni wọ́n ń ṣírò ní Amẹ́ríkà.

Mo gbọ́ ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè lọ́kàn wọn. Bí ọmọ bá kọ́ ọ tán, kí ni yóò fi jẹun?

Ìbéèrè gidi ni. NiMet wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, tí òfin 2003 gbé kalẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn wà. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2006, ọkọ̀ òfuurufú ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó. Ìjì wà lójú ọ̀run. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Súltáànù Sókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára àwọn tó kú. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dára. Ìròyìn ojú ọjọ́ wà. Fífetí sí i ló kù. Onímọ̀ ojú ọjọ́ tó mọṣẹ́, tó lè sọ ọ́ kí ó yé awakọ̀, ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Omíyalé ńkọ́? Àwọn àgbà tó gbé Ìbàdàn rí kò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn. Nígbà méjèèjì, àwọn tó bá omi lọ lé ní 100. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni ẹjí bá rí lẹjí ń pa. Ẹni tó bá mọ ìmọ̀ ojú ọjọ́ tó sì mọ nípa odò lè ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ará ìlú kí omi tó dé. Àwọn iléeṣẹ́ epo tó wà lórí omi ń wá wọn. Àwọn tó ń ta iná oòrùn ń wá wọn. Àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn ń wá wọn. Ẹ̀yin olóko kòkó mọ bí òjò àrọ̀ìdá ṣe ń mú kí èso kòkó dúdú kó sì jẹrà lórí igi. Ẹni tó bá lè sọ ṣáájú pé irú òjò bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, owó ló ń bá yín pamọ́ yẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. NiMet nìkan ò lè gba gbogbo ọmọ tó bá jáde. Lójú tèmi, ẹni tó bá dúró de ìjọba nìkan máa pẹ́ nílé. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìwọ̀n ọdún gbọgbọrọ palẹ̀, tó sì lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè àgbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ yóò gbòòrò. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò sì ká yunifásítì lójú ẹsẹ̀, NiMet ní ilé ẹ̀kọ́ ní Oṣòdì, ní Èkó, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń wọn ojú ọjọ́. Èèyàn lè gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹni tó wà lórí àga ọ̀gá àgbà àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ní Geneva láti oṣù Kìíní 2024, obìnrin ni. Celeste Saulo ni orúkọ rẹ̀, ará Ajẹntínà.

Ó ti wá tó àkókò tí mo ní kí bàbá àti ìyá dúró dè. Mo béèrè níṣàájú pé, ta ló ń wọn òjò ní Ìlá?

Ibùdó ojú ọjọ́ ti ìjọba wà ní Òṣogbo. Ó wà ní Ìlọrin. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ bá jáde fún agbègbè wa, ìwọ̀n láti irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ Òṣogbo, kì í sì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìlọrin. Òkè wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti dé Òkè-Ìlá, tó ti dé ibi tí omi Àyìkúnnugbá ti ń dà sílẹ̀ láti orí àpáta, mọ̀ pé òkè níbẹ̀ ga. Òkè ń ti afẹ́fẹ́ olómi gòkè, afẹ́fẹ́ tó bá sì gòkè ń tutù, ó ń sọ omi sílẹ̀. Ẹ rántí ìkòkò ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè rọ̀ ní Òkè-Ìlá lọ́sàn-án kan kí eruku ṣì máa sọ ní ọjà Ìlá. Ta ló kọ ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀? Ẹni tó wà ní Àbújá kò lè rí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ibí ló yẹ kó kọ ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Mo fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ìfẹ́dáyọ̀ ní ohun èlò ìwọn òjò kan, kí olùkọ́ Jọ́gíráfì tàbí ti Físíìsì bójú tó o. Mo fẹ́ kí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ wa jẹ́ ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wọn ń já sí. Ẹ̀yin ọmọ Ìlá tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ilé, ẹ gbé eléyìí yẹ̀ wò. Ó kéré sí owó ayẹyẹ kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn òjò? Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́. Ẹ gbé ohun èlò náà sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé ò ti lè dí òjò lọ́nà. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, lójoojúmọ́, ẹ wo iye omi tó wà nínú rẹ̀. Mìlímítà ni ẹ máa kà. Kí ni mìlímítà kan? Ó túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ẹ jẹ́ kí n fi òrùlé ṣàlàyé rẹ̀. Bí òrùlé yín bá gùn ní mítà mẹ́wàá tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá, tí òjò 20 mìlímítà sì rọ̀ lóru, omi tó bọ́ sórí rẹ̀ jẹ́ 2,000 lítà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọgọ́rin kẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Ìyá tó ń pọn omi láti ìdí ẹ̀rọ yóò mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó.

Ọdún mélòó ni kí ẹ fi ṣe é? Ọgbọ̀n ọdún ni àjọ àgbáyé ń lò kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí. Ó gùn, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí kò ní ju ẹni ọdún 45 lọ nígbà tó bá pé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ni yóò ti kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ dé ojú àmì, tí yóò padà wá tú ìwé náà palẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa dì mú, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọn òjò fi ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ lọ wò ó bákan náà, kí ẹ sì kọ 0. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún 20 kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni, tàbí ẹ̀yin ni ẹ kò lọ wò ó. 0 tí ẹ kọ yẹn pẹ̀lú, ìròyìn ni. Òun ni yóò sọ fún àgbẹ̀ ọjọ́ iwájú iye ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ fi tàn wá jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní agogo yìí kan náà, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìgò àti àrọ ṣe ohun èlò ìwọn òjò fúnra ẹni nílé. Kí olúkúlùkù wá ìgò kan àti rúlà sílẹ̀.